Igbá owó ni kó o gé, kì í ṣe ìpànìyàn náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, Ọ̀bàntókò ní Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Mo ń ṣe fíìmù àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi máa darí. Ìtàn ọmọ Yahoo kan ni, tó pa ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ fi ṣe oògùn owó. Mo fẹ́ káwọn èèyàn rí ìpànìyàn náà bó ṣe burú tó. Ẹni tó ń náwó sí i ní kí n yọ ìran yẹn pátápátá, pé àjọ NFVCB tó ń yẹ fíìmù wò kò ní fọwọ́ sí i. Ìyá mi ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló ń sọ àwọn ọmọ di apààyàn. Èmi sì gbà pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ lómìnira. Ta ló jàre nínú àwa mẹ́ta? Bó bá kúrò ní sinimá, YouTube ló kàn. Mo fi ojú ìwé mẹ́rin tí ìran náà gbà àti bébà ìpolówó tí mo ti yà ránṣẹ́ sí yín.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ti ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má yọ ìran ìpànìyàn náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ojú ìwé kẹrin tí mo fẹ́ kó o gé, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ kò mẹ́nu bà á, ẹni tó ń náwó náà kò sọ ọ́. A ó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni kí n kọ́kọ́ mú, torí wọn kò sọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta kò lè gbàgbé oṣù kìíní ọdún 2022. Ní Òkè-Àrẹ̀gbà, wọ́n ká àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dáná sun orí ọmọbìnrin kan nínú ìkòkò. Oògùn owó ni wọ́n ní àwọn ń ṣe. Ọmọ tó yẹ kó ṣì máa jẹun òbí ni wọ́n. Gbogbo ìlú dàrú. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, tí Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, sì ní kí NFVCB wá nǹkan ṣe sí ìran oògùn owó nínú fíìmù. Bí ẹjọ́ ṣe kúrò lọ́rùn gbogbo ìlú nìyẹn, tó di tàwọn eléré. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú ti là á mọ́lẹ̀ nígbà ìwádìí pé orí Facebook lòun ti wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyẹn kò wá sọ pé ọwọ́ àwa eléré mọ́. Láti ìgbà tí fídíò ti gbòde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ẹ̀kọ́ kan wà tí fíìmù oògùn owó ń kọ́ni láìsinmi: pé oògùn owó ń jẹ́. Wọ́n á ní ó burú, wọ́n á ní ẹ̀san ń bọ̀, pásítọ̀ á dé nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ọmọ tó lọ sórí Facebook lọ wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ta ló sọ fún un? Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti jàre.

Ó yá, jẹ́ ká jọ wo ojú ìwé kẹrin yẹn. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀ síwájú igbá tó o fi aṣọ pupa bò. Ó pe ọfọ̀ tán, ó ṣí aṣọ náà, náírà àti dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde títí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí kámẹ́rà máa yí i po, kí ìlù fújì sì wọlé. Ìran tó tẹ̀ lé e, Benz dúdú kan ń wọ Ìbarà GRA, ọmọge méjì ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn fíìmù ló tó ya wèrè ní Lafẹ́nwá.

Mo wá ń bi ọ́: nínú gbogbo èyí, èwo ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò rówó WAEC san máa rò sùn? Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á lé e sá ni. Owó tó bo ẹsẹ̀ yẹn ni, pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń yí i po bí ẹni ń kí i kú oríire. Ìwọ rò pé ìpànìyàn ni ìran tó lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ, èmi rò pé igbá ni.

Irọ́ sì ni igbá náà. Gbogbo bébà owó tí wọ́n ń tẹ̀ ní Nàìjíríà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára. Nọ́ńbà wo ló máa wà lára èyí tí igbá bá bì jáde? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú irú ìwà yìí ni pé ọmọ ọlọ́mọ kú, nǹkan kan kò sì jáde. Jẹ́ kí igbá náà ṣófo. Jẹ́ kó ṣí i, kó dé e, kó tún un ṣí. Jẹ́ kí fóònù ọmọbìnrin náà máa dún lápò ṣòkòtò rẹ̀, kó yọ ọ́, ká rí i pé "Màámi" ni wọ́n kọ síbẹ̀, kó má lè gbé e, kó má lè pa á. Jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀ pẹ̀lú òórùn tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìyẹn han ọmọ ọdún méjìdínlógún, kò ní rí ohun kan tó máa wù ú níbẹ̀. (Ẹni tó fún un ní igbá náà, má pè é ní babaláwo nínú ìwé eré rẹ. Àwọn onífá ti jìyà tó lọ́wọ́ wa.)

O lè sọ pé ṣebí ó ya wèrè nígbẹ̀yìn. Ọgbọ́n àtijọ́ nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1934 ni àwọn iléeṣẹ́ fíìmù ńláńlá ti ń fi òfin kan de ara wọn pé ọ̀daràn kò gbọ́dọ̀ mú un jẹ nínú eré. Ọdún 1968 ni wọ́n tó fi àmì ọjọ́ orí rọ́pò rẹ̀. Kí làwọn òǹkọ̀tàn wọn wá ń ṣe láàárín ìgbà yẹn? Wọ́n á fi odidi wákàtí kan ṣàfihàn bí ayé ṣe ń yẹ jàgùdà, aṣọ, obìnrin, mọ́tò. Wọ́n á wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún yìnbọn pa á. Òfin rí tiẹ̀, òǹwòran náà rí tiẹ̀. Àwa náà ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ní ti ẹni tó ń náwó sí i, òfin tí kò kà ló ń bà á lẹ́rù. Òfin 85 ti ọdún 1993 ló dá NFVCB sílẹ̀, lásìkò ológun. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta fíìmù tàbí gbé e hàn fáyé láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ka ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ sílẹ̀: ààbò orílẹ̀-èdè, ìbàjẹ́ ìwà, ìwà ipá, ìwà ọ̀daràn, ìkórìíra ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, fífi ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn, àti ìwà ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n ní ti ìwà ipá, ohun tí òfin náà lòdì sí ni kí fíìmù máa tì í lẹ́yìn tàbí kó máa gbé e lárugẹ. Kò sọ pé ojú kò gbọ́dọ̀ rí i. Lóṣù karùn-ún ọdún 2024, Shaibu Husseini, ọ̀gá àgbà àjọ náà, kéde ní Enugu pé ìlànà tuntun ti wà lórí sìgá mímu, oògùn owó àti fífi èèyàn ṣètùtù nínú fíìmù, fídíò orin àti skíìtì. Ariwo sọ, wọ́n ní wọ́n ti fòfin de oògùn owó nínú fíìmù. Àjọ náà wá ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìgbélárugẹ ni ìlànà náà dojú kọ. Fi ojú yẹn wo ojú ìwé kẹrin rẹ, wàá rí i pé ibi tí wọ́n ti lè mú ọ ni igbá.

Àjọ náà máa ń fún fíìmù ní àmì tó ń sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè wò ó: G wà fún gbogbo èèyàn, 15 wà fún ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè, 18 sì wà fún ẹni ọdún méjìdínlógún sókè. 18 ni tìrẹ. Má lọ bẹ̀ wọ́n fún 15 kí tíkẹ́ẹ̀tì lè tà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré àgbàlagbà kó gba owó àgbàlagbà.

Òmìnira tí ìwọ náà ń sọ, ó wà nínú ìwé òfin ọdún 1999, abala 39. Ṣùgbọ́n kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹta abala yẹn dárúkọ sinimá ní tààràtà, ó ní òfin lè wà lórí gbígbé fíìmù hàn, bó bá ṣáà ti jẹ́ òfin tó bójú mu láwùjọ ìjọba tiwa-n-tiwa. Torí náà, "mo lómìnira" nìkan kò tó o dá wọn lóhùn. Ohun tó o lè bi wọ́n ni bóyá ohun tí wọ́n ní kó o gé bójú mu.

Ibi tí èmi àti àwọn tó ń yẹ fíìmù wò kì í ti í rẹ́ nìyẹn, torí ibi tí àlùmọ́gàjí wọn ti mú jù kì í ṣe ibi ẹ̀jẹ̀, ibi òṣèlú ni. Ní 2013, wọ́n kọ̀wé sí Ishaya Bako, olùdarí fíìmù, pé kò gbọ́dọ̀ gbé Fuelling Poverty jáde. Fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni, lórí owó ìrànwọ́ epo àti ìwọ́de oṣù kìíní ọdún 2012, ohùn Wọlé Ṣóyínká tiwa yìí ló sì ń sọ ìtàn inú rẹ̀. Wọ́n ní ó lè dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ fíìmù náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí lẹ́tà tó dé, ẹni tó ní fóònù kò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, fíìmù tí Bíyí Bándélé ṣe lórí ogun Biafra, Half of a Yellow Sun, yẹ kó bọ́ sí sinimá ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Ìwé àṣẹ kò jáde. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ló tó dé ojú agbo, nígbà tí àwọn ará ìlú mìíràn ti wò ó tán. Ogun tó ti parí láti 1970!

Kì í sì í ṣe NFVCB ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ eré Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà, nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú. Kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi ní 1966, nígbà tí Fájuyì di gómìnà ológun. Ẹni tí eré náà bá wí ni kò fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́. Nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ fún ọ pé àlàáfíà ìlú ni wọ́n ń dáàbò bò, wádìí àlàáfíà ẹni tó wà nínú ewu.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí máa ń gbà. Túndé Kèlání, tó dàgbà ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àwọn òbí àgbà rẹ̀, gbé Saworoidẹ jáde ní 1999. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Kò dárúkọ ọ̀gá ológun kankan. Ìlú Jogbo ló sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọba tí kò fẹ́ ṣe ètùtù tó máa dí i lọ́wọ́ olè jíjà, àti sójà tó gbé ìbọn wọ ààfin. Kò sẹ́ni tó wò ó nígbà náà tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àmọ́ mi ò ní kí ìwọ lo òwe nínú fíìmù tìrẹ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú rẹ kò fẹ́ òwe.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "àṣà wa kò gbà á" pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Lọ sí Ìmẹ̀kọ lóru ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kù ọ̀la. Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á jáde sójú ọjà, á júbà àwọn ìyá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí: alágbèrè, olè, ìjòyè tó kó owó ìlú mì. Ohun tí ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ sọ lọ́sàn-án gangan ni yóò fi kọrin, ìlú á máa gbè é, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn án, torí ọba kì í pọ̀kọrin. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ Òkèbàdàn, orin tí kò ṣeé kọ níwájú àna ni wọ́n ń kọ kiri ìgboro. Àṣà wa gbà á, ó kàn fún un lákòókò àti ààyè tirẹ̀ ni. Òru ni, ọjọ́ ọdún ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Àmì 18 ń gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn ju àlùmọ́gàjí lọ.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé fóònù kì í bèèrè ọjọ́ orí. O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé bó bá kúrò ní sinimá, YouTube ló kàn. Gbogbo ọmọ tó ń gbé fóònù ìyá rẹ̀ ló máa rí i. Mi ò rò pé ìyẹn tó ohun tí wọ́n máa torí rẹ̀ ní kó o gé e, ṣùgbọ́n ó tó ohun tó yẹ kó o torí rẹ̀ fi àmì náà sí iwájú fíìmù gbangba, kó o sì ṣí ohun èlò tí YouTube fi ń dá ọmọdé dúró. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn ni bébà ìpolówó. Mo rí èyí tó o ti ya sílẹ̀: orí ọmọbìnrin náà nínú àwo, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Àbúrò, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní Pàńṣẹ́kẹ́ kò ní 18 lára. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi á kọjá níwájú rẹ̀ láàárọ̀, ìyá ọmọ tí wọ́n pa ní Òkè-Àrẹ̀gbà náà lè kọjá níbẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló yàn láti wò ó, ẹni tó ń lọ ọjà kò yàn án. Ya ọmọkùnrin náà àti igbá tó ṣófo.

Ó ku ohun kan tí kò sí nínú ìbéèrè rẹ rárá, òun ló sì ń dùn mí jù. Ní ojú ìwé kejì, o kọ ọ́ pé kí wọ́n fa aṣọ ọmọbìnrin náà ya kí wọ́n tó pa á. Kí ló fà á? Ẹni tó wá gé orí èèyàn, kí ló ń wá lára aṣọ rẹ̀? Bó o bá ní ìdáhùn tó bá ìtàn náà mu, fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé torí kójú máa wò ni, ìwọ fúnra rẹ gé e lónìí, má dúró de ìjọba.

Bó bá sì wà níbẹ̀, òṣèré tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ mọ ohun gbogbo ṣáájú. Ní 1972, Bernardo Bertolucci, olùdarí ará Ítálì, ṣe fíìmù Last Tango in Paris pẹ̀lú òṣèré Marlon Brando àti Maria Schneider, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ìran ìfipábánilòpọ̀ kan wà níbẹ̀; Bertolucci àti Brando ti gbìmọ̀ ohun kan tí wọ́n máa lò, wọn kò sọ fún ọmọbìnrin náà, torí wọ́n fẹ́ kí ojú rẹ̀ fi ìtìjú gidi hàn. Bertolucci fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 2013, Schneider sì ti sọ tipẹ́ kó tó kú pé ẹkún tí òun sun níbẹ̀ kì í ṣe eré. Ilé-ẹjọ́ ní Ítálì pàṣẹ ní 1976 pé kí wọ́n ba ẹ̀dà fíìmù náà jẹ́, nítorí ìwà ọ̀bùn. Ojú àwọn òǹwòran ni wọ́n ń gbèjà. Ti ọmọbìnrin tó wà níwájú kámẹ́rà kọ́.

Ibẹ̀ ni òmìnira rẹ parí sí lójú tèmi. Bí òǹwòran bá bínú, kó bínú. Bí gómìnà bá bínú, ó dáa bẹ́ẹ̀. Òṣèré rẹ nìkan ni o kò láṣẹ láti fi ìpalára gidi kàn torí kí eré lè dùn. Kọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀: aṣọ wo, ọwọ́ ta ni, títí dé ibo. Ẹ fi aṣọ yín sọ́rùn dán an wò lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ náà gan-an, jẹ́ kó mú ẹnì kan tó fọkàn tán wá sí lókéṣọ̀n, ibi tẹ́ ẹ ti ń ya fíìmù, kó o sì lé gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ jáde. Kí wọ́n kó fóònù wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa fẹ́ràn TikTok jù. Bó bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró.

Tó o bá ṣe tán, gbé e lọ fún NFVCB ní odindi. Má tìkára rẹ gé e sílẹ̀ torí ìbẹ̀rù kí wọ́n tó wò ó. Ọ̀pọ̀ olùdarí ló ti ṣe ìdajì iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. So lẹ́tà ojú ìwé kan mọ́ ọn, kó o ṣàlàyé ìdí tí ìran náà fi wà àti pé igbá ṣófo. Bí wọ́n bá ní kó o gé nǹkan, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìṣẹ́jú wo sí ìṣẹ́jú wo, àti ohun tí òfin sọ tí wọ́n fi gbé e. Òfin náà fàyè gba ìgbìmọ̀ kan tí èèyàn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Ẹni tó ń náwó kò ní fẹ́ dúró dè é, torí ọjọ́ sinimá ti há a mọ́yà. Kí ẹ̀yin méjèèjì ti sọ ìyẹn ní àsọyé kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà.